Ẹnu Kámẹ́rà àti Ìdí Lẹ́ńsì: Láti Ìgbà Shanu Ará Ọ̀tà

Nígbàkígbà tí a bá ń sọ ìtàn fọ́tò yíyà láàrin àwa Yorùbá, orúkọ àwọn ayafọ́tò àti ọdún tí wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ wọn ni a máa ń tẹnu mọ́. Ohun èlò tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ kì í pẹ́ lẹ́nu wa. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn: lẹ́ńsì wo ni ó lè bá kámẹ́rà wo ṣiṣẹ́, ta ni ó sì láṣẹ láti pinnu rẹ̀? Èrò mi ni pé ọwọ́ ayafọ́tò fúnra rẹ̀ ni àṣẹ náà wà ní ìbẹ̀rẹ̀, àti pé àwọn tí ń ṣe kámẹ́rà ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀tà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, bí a bá dárúkọ Ọ̀tà àti Sàngó, ilé iṣẹ́ ńláńlá àti ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkàn ń lọ sí. Àwọn tí ó mọ ìtàn a sì rántí àwọn Àwórì àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ pé ìlú yìí ni a ti bí Herzekiah Andrew Shanu ní 1858. Shanu kàwé ní Èkó, ó ṣe olùkọ́ níbẹ̀, ó sì lọ sí Boma ní Congo ní 1884, ní ibi tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ìjọba tí Leopold Kejì, ọba àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù, gbé kalẹ̀. Ní 1893 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó ń ṣòwò, ó sì ń ya fọ́tò; ìwé ìròyìn Le Congo illustré tẹ àwọn kan jáde nínú wọn. Nígbà tí ó yá, ó fi ẹ̀rí ìwà ìkà ìjọba náà ránṣẹ́ sí E. D. Morel ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àṣírí tú, ìjọba kọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti ná ọjà rẹ̀, òwò rẹ̀ sì dojú dé. Ní 1905 ó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ju èyí lọ, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ ilé ìwé Ọ̀tà máa kà á. Ṣùgbọ́n irú ohun èlò tí ìran rẹ̀ fi ṣiṣẹ́ ni mo ń wá lọ.

Kámẹ́rà tí àwọn ayafọ́tò ìgbà náà sábà ń lò jẹ́ àpótí onígi. Pákó kékeré kan wà ní iwájú rẹ̀ tí a dá ihò sí. Ibẹ̀ ni a ń de lẹ́ńsì mọ́. Láàrin pákó yìí àti ẹ̀yìn àpótí, awọ tí a ṣẹ́ léra bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni ó wà, tí ó ń nà, tí ó sì ń kì. Bí ayafọ́tò bá ra lẹ́ńsì mìíràn, ìbáà jẹ́ ti Faransé, ìbáà jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kò ju kí káfíńtà dá ihò tí ó bá a mu sí pákó tuntun. Àlàfo láàrin lẹ́ńsì àti ẹ̀yìn àpótí kò dí i lọ́wọ́, nítorí òun ni yóò fa awọ náà títí àwòrán yóò fi mọ́ kedere. Kìkì ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni bóyá ìmọ́lẹ̀ lẹ́ńsì náà kárí dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí kò bá kárí, igun fọ́tò yóò ṣú.

Àwọn kámẹ́rà kéékèèké olówó pọ́ọ́kú tí ó tẹ̀ lé e kò mú ìbéèrè wá rárá: a ti kan lẹ́ńsì mọ́ wọn pa. Irú rẹ̀ ni Brownie D tí J. D. 'Okhai Ojeikere fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950.

Kámẹ́rà onídígí ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Nínú irú èyí, dígí kan dúró lẹ́yìn lẹ́ńsì, kí ojú ayafọ́tò lè rí ohun tí lẹ́ńsì ń rí gan-an. Kine Exakta, tí a ṣe ní Dresden ní Jámánì ní 1936, wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó lo fíìmù kékeré. Dígí yìí gbọ́dọ̀ rí àyè gbéra sókè kí ìmọ́lẹ̀ tó dé ara fíìmù. Nítorí náà, irin ni a fi dá àlàfo sáàrin ẹnu kámẹ́rà àti fíìmù, àlàfo tí kò ṣeé fà, tí kò sì ṣeé tì. Olúkúlùkù ilé iṣẹ́ sì dá tirẹ̀.

Contax S ti 1949 ní ẹnu tí a ń yí lẹ́ńsì wọ̀ bí ìdérí ìgò, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 42, tí àlàfo rẹ̀ sì jẹ́ 45.46. Praktica, Pentax àti Zenit náà gba ẹnu yìí lò, oore ńlá sì ni fún tálákà, nítorí lẹ́ńsì ọ̀kan wọ èkejì. Nikon dá ẹnu eléyín tirẹ̀ ní 1959, àlàfo rẹ̀ jẹ́ 46.5, Canon gbé FD jáde ní 1971, tirẹ̀ jẹ́ 42. Nígbà tí Pentax fi ẹnu yíyí sílẹ̀ ní 1975, ó fi àlàfo náà sílẹ̀ bí ó ti wà, kí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan lè mú lẹ́ńsì àtijọ́ wọ kámẹ́rà tuntun. Ìwà ọmọlúwàbí ni mo ka èyí sí. Canon kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1987: ó pa FD tì, àlàfo tuntun di 44, ẹni tí ó ti fi owó ọdún pípẹ́ kó lẹ́ńsì FD jọ sì rí i pé kámẹ́rà tuntun kò gbà wọ́n.

Ibi tí ojú ti ń tan ni ní jùlọ nìyí. Àwọn Zenit àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ẹnu yíyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 39, bákan náà pẹ̀lú ti Leica. Lẹ́ńsì Leica yóò wọ Zenit náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àlàfo Leica jẹ́ 28.8, ti Zenit jẹ́ 45.2, lẹ́ńsì náà jìnnà sí fíìmù ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ lẹ́ńsì 50, ohun tí ó wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 níwájú rẹ̀ ni yóò mọ́. Ìyàwó tí ó jókòó nínú ilé ìyafọ́tò yóò di kùrukùru. Ẹni tí ó ń ra àlòkù, tí ó ń wo ẹnu nìkan, ni irú èyí máa ń mú.

Àlàfo ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wọ̀n. Bí ti lẹ́ńsì bá gùn ju ti kámẹ́rà lọ, a lè fi òrùka irin dí ìyàtọ̀ náà, bí àyè bá wà fún un: láti Nikon sí Canon FD, mìlímítà 4.5 ni. Bí ti lẹ́ńsì bá kúrú, òrùka kò lè gbà á, àfi kí a fi gíláàsì mìíràn kún un, èyí tí ó máa ń ba àwòrán jẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wo àwọn irin kéékèèké tí ń bá ẹ̀rọ ìwọn-ìmọ́lẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́ńsì Nikon tí ó ṣáájú 1977, tí a kò tún ìdí rẹ̀ ṣe, lè ṣẹ́ irin bẹ́ẹ̀ lára àwọn kan nínú kámẹ́rà Nikon tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni a kọ sí àwọn méjèèjì.

Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976 ni ilé iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i ní Sàngó-Ọ̀tà, àgbègbè irú èyí kì í sì í ṣaláìní ẹni tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin róbótó. Ohun tí káfíńtà ṣe fún ìran Shanu, irú oníṣẹ́ irin bẹ́ẹ̀ lè ṣe é fún ẹni tí kámẹ́rà àtijọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ti tó láti ba òrùka náà jẹ́. Kí a gbé kámẹ́rà àti lẹ́ńsì lọ pọ̀, kí a kọ àlàfo méjèèjì sí ìwé fún un. Bí ó bá ṣe é tán, kí a yí lẹ́ńsì sí àmì ọ̀nà jíjìn pátápátá, kí a sì wo òpó iná tí ó jìnnà jù lọ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí òpó náà kò bá mọ́, kí ó tún òrùka gbé sórí ẹ̀rọ.