Kọ̀ǹpútà Tí Dátà Ń Darí

Láti 1945 tí John von Neumann ti kọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà EDVAC ni àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ti gbà pé àṣẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀kẹta bá ń retí nọ́ńbà kan láti inú mẹ́mọ́rì, ẹ̀kẹrin náà á dúró, kódà bí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn kò bá kàn án.

Jack Dennis, olùkọ́ ní MIT nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kò fara mọ́ èyí. Ní 1975, òun àti David Misunas gbé ètò ẹ̀rọ mìíràn kalẹ̀. Nínú tiwọn, àṣẹ kì í tò. Èyí tí dátà rẹ̀ bá ti pé ni iṣẹ́ yá fún, bí ẹni tó ń gún iyán níbi ìnáwó kì í dúró de ẹni tó ń din ẹran.

Èrò náà ràn. Ní Yunifásítì Manchester, John Gurd àti Ian Watson kọ́ ẹ̀rọ tiwọn, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní 1981. Àwọn ará Japan kọ́ ẹ̀rọ SIGMA-1, tó ní pirósẹ́sọ̀ 128. Arvind, ọmọ Íńdíà tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT, bá ilé-iṣẹ́ Motorola ṣe ẹ̀rọ Monsoon.

Ìnira wà níbẹ̀ o. Nínú irú ẹ̀rọ ti Manchester, dátà kọ̀ọ̀kan ń gbé àmì kiri, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ wá èyí tí àmì wọn bára mu kí iṣẹ́ tó lè bẹ̀rẹ̀. Ìwákiri yẹn gbówó lórí. Iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tún lè pọ̀ débi pé mẹ́mọ́rì á kún.

Yale Patt àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Berkeley, Wen-mei Hwu àti Michael Shebanow, ló rí ọ̀nà àbáyọ ní 1985. Wọ́n ní kí a má fi gbogbo prógíráàmù sílẹ̀ fún dátà, àṣẹ díẹ̀ tó wà nítòsí ara wọn ti tó. (Ká má purọ́, Robert Tomasulo ti ṣe ohun tó jọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà IBM 360/91 ní 1967, kí Dennis tó sọ̀rọ̀ rárá.)

Ní 1995 ni Intel gbé pirósẹ́sọ̀ Pentium Pro jáde, èyí tó ń lo irú ọgbọ́n yìí. Àṣẹ ń wọlé sínú rẹ̀ létòlétò; ó ń fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́, ó ń tọ́jú tó 40 lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí dátà rẹ̀ bá kọ́kọ́ pé ló ń ṣe, lẹ́yìn náà ló wá ń to èsì wọn padà bí wọ́n ṣe wọlé. Ẹni tó kọ prógíráàmù kò ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni pirósẹ́sọ̀ inú ọ̀pọ̀ fóònù olówó ńlá ṣe ń ṣiṣẹ́ lónìí.