Ọjọ́ Tí Wọ́n Pààrọ̀ Sítátà Ìjàpá

Aago 7:10 àárọ̀, ọjọ́ Sátidé. Ìjàpá náà wà lábẹ́ igi máńgòrò, lẹ́yìnkùlé kan n'Ìbàdàn. Volkswagen ọdún 1976 ni. Èkó ni wọ́n ti tò ó, ọdún kan lẹ́yìn tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1975. Ewé gbígbẹ ti bo táyà rẹ̀ dé ìdajì. Bàbá tó rà á ti kú láti ọdún mẹ́rin. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìró kan ṣoṣo ló ń dún: tọ́.

Aago 7:40. Rìwáyà dé pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Sítátà mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìwé ìròyìn wé e. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Màmá.

"Ṣé yóò jí lónìí?"

"Yóò jí, mà, lágbára Ọlọ́run."

Mẹ́káníìkì ti fọ kabúrétọ̀ lọ́jọ́bọ̀, ó sì ti da epo tuntun sí i. Sítátà nìkan ló kù.

Aago 8:05. Rìwáyà tẹ ìjókòó iwájú síwájú, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn méjì péré ni Ìjàpá ní. Kò sí ọ̀nà mìíràn fún ẹni tó wà lẹ́yìn. Ó gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò. Sípíríǹgì inú rẹ̀ ti dípẹtà, tìmùtìmù orí wọn sì ti gbẹ bí irun ara àgbọn. Bátìrì wà nílẹ̀ lápá ọ̀tún, lábẹ́ ibi tí àgbà máa ń jókòó sí. Ìdérí dúdú pẹlẹbẹ kan bò ó. Ó ṣí i, ó nawọ́ rẹ̀ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn. Ẹnì kan gbà á, ó gbé e sí ojú fèrèsé ilé ìdáná.

Aago 8:20. Sípánà 13. Orí nẹ́gétífù ni ó kọ́kọ́ tú, ó sì ká wáyà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó má baà padà fara kan ibi kankan. Wáyà ńlá tó ti orí pósítífù lọ bá sítátà kò gba inú fíúsì kankan kọjá. Ohun tó bá so ó pọ̀ mọ́ ara ọkọ̀ yóò máa gbóná títí yóò fi yọ́.

Aago 8:45. Ó sún wọ abẹ́ ọkọ̀. Sítátà wà lápá ọ̀tún, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíá. Bóòtù méjì ló dì í mú. Ti ìsàlẹ̀ tú kíá. Ti òkè ni wàhálà, nítorí òun náà ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíá lápá ibẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ki ọwọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ó ń fọwọ́ wá orí bóòtù tí ojú kò rí. Òógùn ń kán sí ilẹ̀.

Aago 9:30. Sítátà àtijọ́ bọ́ lé àyà rìwáyà. Kò tíì fi tuntun síbẹ̀. Ó fi ìka wo búṣì idẹ kékeré tí orí ọ̀pá sítátà ń yí nínú rẹ̀. Ó ti jẹ. Ó yọ ọ́, ó ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe wàhálà yìí. Òun ṣe é.

Aago 10:15. Sítátà tuntun ti wà ní àyè rẹ̀. Ó kan wáyà. Orí bóòtù ńlá méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì jọra. Bí wáyà bátìrì bá bọ́ sórí èyí tí kò yẹ, mọ́tò inú sítátà yóò bẹ̀rẹ̀ sí yí láìsí kọ́kọ́rọ́. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó wá nọ́ńbà 30, ó fi sáńpépà fọ ojú wáyà títí ó fi ń dán, ó dè é. Ó wá 50, ó ki wáyà tín-ín-rín tó ti ìdí kọ́kọ́rọ́ wá bọ̀ ọ́. Ó fà á wò. Kò yọ. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì.

Aago 11:20. Bátìrì àtijọ́ ti kú pátápátá. Ọmọ iṣẹ́ ti ọjà dé pẹ̀lú òmíràn. Fóòtì 12 ni, bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ó fi ìbú ìka kan ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá, wọn ò ní ìwọ̀n yẹn."

Ó wọ àyè rẹ̀. Wọ́n dè é.

Aago 12:10 ọ̀sán. Rìwáyà yí kọ́kọ́rọ́. Iná pupa tàn. Ó yí i síwájú sí i. Sítátà kọ, ẹ́ńjìnnì gbà á, èéfín funfun rú jáde, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ń gbọ̀n. Màmá ti ilé ìdáná jáde, ó fọwọ́ bo ẹnu. Àwọn ará ilé kejì ń pàtẹ́wọ́ lórí ògiri.

Aago 12:25. Wọ́n dá ìjókòó ẹ̀yìn padà. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò wọlẹ̀ dáadáa. Rìwáyà fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Ó wọlẹ̀.

Aago 12:40. Màmá ti wé gèlè. Wọ́n tẹ ìjókòó iwájú síwájú fún un, ó wọlé díẹ̀díẹ̀, ó jókòó sápá ọ̀tún, bí ó ti máa ń ṣe nígbà ayé Bàbá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀. Rìwáyà ló wà nídìí ọkọ̀.

Aago 12:44. Wọ́n já sí títì. Kòtò àkọ́kọ́. Màmá ń rẹ́rìn-ín.

Aago 12:46. Kòtò kejì jìn jù ú lọ. Òórùn kan dé. Rìwáyà rò pé ọ̀dà ara sítátà tuntun ni.

Aago 12:48. "Ìdí mi ń gbóná."

Èéfín ti ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ ìró rẹ̀. Rìwáyà pa kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Èéfín kò dákẹ́. Ọmọ náà bẹ́ jáde, ó ń fa ìjókòó iwájú. Ìjókòó há. Ó tún fà á.

Aago 12:51. Wọ́n fa Màmá jáde. Ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun da iyanrìn sínú ọkọ̀. Rìwáyà fi ọwọ́ lásán wọ́ ìjókòó tó ń jó bọ́ sílẹ̀, ó fa orí nẹ́gétífù já.

Aago 3:30. Nọ́ọ̀sì ń fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ kúrò lára itan Màmá. Màmá kò sọ̀rọ̀.

Aago 5:00. Rìwáyà mìíràn wá yẹ ọkọ̀ náà wò. Orí 30 le dáadáa. Orí 50 wà ní àyè rẹ̀. Kò sí wáyà kankan tí wọ́n kàn ní òwúrọ̀ tó jó. Ó yí ìjókòó dojú dé. Sípíríǹgì kan ti yọ́, ó sì ṣe kóńkó ní ọ̀gangan orí pósítífù.

"Ìdérí bátìrì yìí ńkọ́?"

Aago 6:20 ìrọ̀lẹ́. Ó wà lójú fèrèsé ilé ìdáná. Eruku díẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Iná kò kàn án rárá. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀.