Ìtàn Ta Ni Àwọn Ọmọ Wa Ń Fi Bíríkì Kọ́?

  Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Wuse, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Utako, ẹ̀yin ará Garki, ẹ̀yin ará Nyanya àti Karu tẹ́ ẹ máa ń jí ní ìdájí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà ká yín mọ́ ojú ọ̀nà, mo kí gbogbo yín. Admin yín ni. Ẹ̀yin àgbà inú gúrúùpù, mo júbà o. Ẹni tó bá ní dátà kó gbọ́ ohùn mi. Ẹni tí ò bá ní, akọ̀wé wa á tẹ̀ ẹ́ síbí bó ṣe máa ń ṣe, ẹ ó kà á.

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni tòní, àmọ́ ó kan owó. Ẹ mọ̀ pé nǹkan ọmọdé ni mò ń tà. Ìbéèrè kan wà tí kì í tán ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá á mú ọmọ wá ra bíríkì rọ́bà, èyí tí wọ́n máa ń tò pọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ilé, ọkọ̀ àti ààfin. Ọmọ á wo páálí tó ní àwòrán Harry Potter, á wo ti Spider-Man, á wá ní, "Dádì, ṣé ẹ ní ti Aníkúlápó?" Ta ló gbà á láyè kó wo Aníkúlápó, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Òmíràn á ní ti Jagun Jagun lòun fẹ́. Mi ò ní in. Àwọn ọ̀gá tí mò ń rajà lọ́wọ́ wọn náà ò ní in. Ìdí tí kò fi sí ni mo fẹ́ fi ìtàn ṣàlàyé, àti ohun tí àwa tá a wà nídìí ọjà lè ṣe sí i.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ole Kirk Christiansen lorúkọ ẹ̀, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Billund ní Dẹ́nmáàkì ló ń gbé. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀, tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ò wọlé mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ṣe nǹkan ìṣeré ọmọdé ní 1932. Ní 1934 ó sọ ilé iṣẹ́ ẹ̀ ní LEGO. Ọ̀rọ̀ méjì nínú èdè wọn tó túmọ̀ sí "ṣeré dáadáa" ló so pọ̀. Ní 1942 iná jó ilé iṣẹ́ náà. Ó tún un kọ́. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ó ra ẹ̀rọ tó ń da rọ́bà, nígbà tó sì di 1949, bíríkì rọ́bà wọn àkọ́kọ́ jáde.

Ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa, ẹ̀yin oníṣòwò. Bíríkì yẹn ò ti orí wọn jáde níbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin ará Bìrìtéènì kan, Hilary Page, ti ṣe irú ẹ̀ ṣáájú wọn, Kiddicraft ló pè é. LEGO wo tiẹ̀, wọ́n tún un ṣe. Ohun tó wá di tiwọn gan-an ni àwọn páìpù kéékèèké tí wọ́n fi sí inú ikùn bíríkì, tó ń jẹ́ kí méjì di ara wọn mú gírígírí. Ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní 1958 ni wọ́n kọ̀wé sí ìjọba wọn pé kí wọ́n fún àwọn ní ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yẹn. Ọdún yẹn náà ni bàbá kú, Godtfred ọmọ ẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ lọ. Títí dòní, bíríkì tí wọ́n ṣe ní 1958 ṣì ń wọ inú èyí tí wọ́n ṣe lánàá.

Fún bí ogójì ọdún, ilé àti ọkọ̀ àti ààfin tí kò ní orúkọ ni wọ́n ń tà. Ọmọ tó bá kọ́ ọ ló máa fún un ní ìtàn tiẹ̀. Ta ló wá mú ìtàn fíìmù wọ inú páálí? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà ní 1977.

Ọdún yẹn ni fíìmù Star Wars jáde. George Lucas tó ṣe fíìmù náà ti rí i dájú pé ẹ̀tọ́ lórí ọjà tí wọ́n bá fi orúkọ fíìmù náà tà wà lọ́wọ́ òun. Ilé iṣẹ́ Kenner ló fún láyè láti ṣe bèbí àwọn èèyàn inú ẹ̀. Àmọ́ fíìmù náà tà ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Kérésìmesì dé, bèbí ò tíì ṣe tán. Kí ni Kenner ṣe? Wọ́n ta páálí tí kò sí bèbí kankan nínú ẹ̀. Mi ò purọ́ o. Ìwé kan ló wà nínú ẹ̀, tí ọmọ máa fi ránṣẹ́ padà, kí wọ́n lè fi bèbí mẹ́rin ránṣẹ́ sí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn òbí rà á! Ìrètí ni wọ́n tà, wọ́n sì gbé ọjà náà dé lóòótọ́ ní 1978. Èmi tí mo ti gba owó àsanṣáájú rí lórí ọjà tó ṣì wà lórí omi, mo mọ bí àyà ẹni ṣe máa ń já. Tí ọjà yẹn ò bá dé, orúkọ ẹ ti bàjẹ́.

Ní 1999 LEGO náà gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni Star Wars. Ní 2001 wọ́n gba ti Harry Potter. Owó wọlé, àmọ́ ẹ má rò pé ó rọrùn. Ọdún tí fíìmù tuntun ò bá jáde, ọjà á dákẹ́. Nígbà tó fi máa di 2003 sí 2004, gbèsè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé LEGO mì. Wọ́n ní láti gé ọ̀pọ̀ nǹkan kúrò kí wọ́n tó lè dìde padà. Ẹni tó bá gbé gbogbo owó ẹ̀ lé ìtàn ẹlòmíràn, ọjọ́ tí ìtàn yẹn bá sùn, òun náà á sùn.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù wà lára fíìmù The Lord of the Rings. Ìtàn iwin, arará àti òrùka abàmì ni. Mẹ́ta ni wọ́n ṣe, láàárín 2001 sí 2003. LEGO ò ṣe bíríkì ẹ̀ títí di 2012, nígbà tó sì ṣe díẹ̀, ó dáwọ́ dúró. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ò dáwọ́ dúró. Wọ́n ń fi bíríkì ọwọ́ ara wọn kọ́ tiwọn, wọ́n ń ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n ń retí lọ́dọọdún. Ní 2023 LEGO gbé Rivendell jáde, ìlú kan nínú ìtàn yẹn: bíríkì 6,167 nínú páálí kan, owó ẹ̀ sì tó dọ́là 500. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ilé ìṣọ́ ọba burúkú inú ìtàn náà jáde, bíríkì 5,471. Ta ló ń ra irú ẹ̀? Ọmọ tó wo fíìmù náà ní 2001 ni. Ó ti dàgbà, ó ti ń gba owó oṣù. Ẹ rí i pé kọ́sítọ́mà lè fi ogún ọdún retí ọjà.

Àmọ́ ìrètí lásán ò tó. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ka iye àwọn tó ń retí. Ní Jàpáàn, ní 2008, LEGO bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ti kárí ayé báyìí, LEGO Ideas ni wọ́n ń pè é. Ẹnikẹ́ni lè kọ́ nǹkan tó wù ú, kó gbé àwòrán ẹ̀ síwájú àwọn èèyàn. Tí èèyàn 10,000 bá fọwọ́ sí i, ilé iṣẹ́ á yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń mú. Ẹni tí wọ́n bá mú tiẹ̀, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá pa lórí ọjà náà di tiẹ̀. Ẹ gbọ́ iye yẹn: ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá péré. Iye èèyàn tó ń gba Wuse kọjá lọ́jọ́ Sátidé kan ńkọ́?

Ṣé wọ́n ti fi bíríkì kọ́ ilẹ̀ Áfíríkà rí? Wọ́n ti kọ́ ọ. Nígbà tí fíìmù Black Panther jáde ní 2018, bíríkì ẹ̀ jáde. Nígbà tí èkejì jáde ní 2022, wọ́n tún ṣe orí ọba náà àti ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì, bíríkì 2,961. Àwọn ọmọ wa rà á, inú mi dùn. Àmọ́ Wakanda ò sí níbì kankan lórí ilẹ̀ ayé. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ló ni ín, ibẹ̀ sì lowó ẹ̀ ń lọ. Arákùnrin kan wà ní Kánádà, ọmọ Gánà ni, Ekow Nimako. Bíríkì dúdú nìkan ló ń lò. Ní 2019 ó pàtẹ iṣẹ́ ẹ̀ ní Toronto, ní ilé àkójọ ìṣẹ̀ǹbáyé Aga Khan, ó sì kọ́ Kumbi Saleh, olú ìlú Gánà àtijọ́, bó ṣe lè rí ní ẹgbẹ̀rún ọdún sí i. Bíríkì kan náà tí ọmọ ń rà ní ṣọ́ọ̀bù mi ló lò. Ìtàn tó wà lọ́kàn ẹ̀ ló yàtọ̀.

Tiwa wá dà? Ìtàn ò wọ́n wa. D. O. Fágúnwà ti kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ láti 1938, kí LEGO tó mọ ohun tó ń jẹ́ rọ́bà. Ilé kíkọ́ ò tún wọ́n wa. Èwo nínú wa ni ò fi pòròpórò kọ́lé rí, tí ò fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò? Fíìmù náà ti dé. Kúnlé Afọláyan gbé Aníkúlápó jáde ní 2022, ó sì kọ́ odindi abúlé fíìmù sí Ìgbójàyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ilé àti ààfin. Ẹ wò ó, ẹnì kan ti kọ́ ti ńlá, ti kékeré tó máa wọ páálí ló kù. Jagun Jagun dé ní 2023. Ní 2024, àwọn ọ̀dọ́ Kugali bá Disney ṣe Iwájú, ìtàn Èkó ti ọjọ́ iwájú. Wọ́n sì ti kéde pé fíìmù Children of Blood and Bone ń bọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2027. Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ló kọ ìwé ẹ̀ ní 2018, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń pe ọfọ̀ nínú ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé yẹn ti ń retí bíríkì ẹ̀. Èmi náà ń retí ẹ̀.

Ẹni tó bá sọ pé àwọn èèyàn wa ò ní ra ti ilé, kó rántí Taofick Okoya. Ó bẹ̀rẹ̀ Queens of Africa ní 2007, bèbí aláwọ̀ dúdú, Wúràọlá, Nneka àti Azeezah. Wọ́n rà á nílé, wọ́n rà á lókè òkun.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ òfin, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń ronú pé, "Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí Ṣáínà, kí wọ́n bá wa lẹ Aníkúlápó mọ́ páálí." Ẹ dákun, ẹ má dán an wò. Ẹ̀tọ́ lórí bíríkì lásán ti parí. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Kánádà sọ ọ́ ní 2005 pé LEGO ò lè fi òfin àmì ọjà dá ẹlòmíràn dúró lórí bí bíríkì ṣe rí. Torí náà, ẹnikẹ́ni lè ṣe bíríkì. Orúkọ fíìmù, ojú àwọn èèyàn inú ẹ̀ àti àwòrán ẹ̀ ló ní olówó. Ní 2019 àwọn ọlọ́pàá Ṣáínà fúnra wọn ya wọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ayédèrú tí wọ́n ń pè ní Lepin, wọ́n kó èèyàn, wọ́n kó ọjà. Lọ́dọ̀ọ́ wa níbí, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 wà nílẹ̀, ààrẹ fọwọ́ sí i ní 2023. Kódà àlọ́ Ìjàpá tá a rò pé kò lólówó, òfin náà ní apá tó ń dáàbò bo àṣà ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò láìgbàṣẹ. Àwa tá a wà ní Àbújá ò láwáwí, torí olú ilé iṣẹ́ Nigerian Copyright Commission wà níbí. Ọkọ̀ kan péré ni.

Kí la máa ṣe? Irin tí wọ́n fi ń da bíríkì rọ́bà wọ́n gan-an, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ yá owó. Àmọ́ igi ni Ole Kirk fi bẹ̀rẹ̀, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Kugbo ò sì jìnnà sí wa. Ṣáájú ìyẹn, iṣẹ́ kan wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Kí gbogbo ẹni tó ń ta nǹkan ọmọdé nínú gúrúùpù yìí ra ìwé kékeré kan. Ìgbàkígbà tí ọmọ bá béèrè ìtàn tiwa, ẹ kọ mẹ́ta sílẹ̀: ohun tó béèrè, ọjọ́ orí ẹ̀, àti iye tí òbí ẹ̀ ní òun lè san. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni o. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ fi iye tiyín ránṣẹ́ sí mi, màá ṣe àròpọ̀ ẹ̀ síbí, kí gbogbo wa rí i. Ìwé yẹn la máa gbé lọ bá àwọn tó ni fíìmù. Tá a bá lọ lọ́wọ́ òfo, wọ́n á ní ìfẹ́ ọkàn lásán ni. Tá a bá gbé iye dání, ọ̀rọ̀ ajé ló dé yẹn.

Àwọn ọmọ ti ń béèrè, àwa nìyẹn ń béèrè lọ́wọ́ wa. Ìbéèrè tí a ò bá kọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, títí ẹlòmíràn á fi kọ́ ilé wa, táá tún wá tà á fún wa.

Ẹni tó bá ti ra ìwé ẹ̀, kó fi fọ́tò ẹ̀ síbí kí n lè mọ̀. Ẹni tó ní àfikún, ẹ fi ohùn ránṣẹ́, àmọ́ kó má gùn ju tèmi lọ o. Ọjà á tà, a ò ní pàdánù. Ire o.