Ẹ̀ṣọ́: Oyè Akin Tàbí Oyè Ìdílé?

Ní Kétu tí a ti ń kọ́ni, lẹ́bàá ọjà Mile 12, kò ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ kí ìyá àgbà máa ki ọmọ ní ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ ọ lè rò pé Ìkòyí ti Èkó ni a ń wí, gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn ti ń rò pé Kétu wa yìí ni Alákétu ti ń jọba. Ìkòyí ti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni, ìlú Oníkòyí, olórí àwọn ọba Ẹkùn Òsì. Àṣìṣe kékeré nìyí. Èyí tí ó ń dun àwa ni pé, nítorí oríkì yìí, akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé oyè ìdílé ni Ẹ̀ṣọ́, olùyẹ̀wò mìíràn a sì fún un ní máàkì.

Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, 70 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú Ọ̀yọ́ Mèsì méjèèje ni ó ní mẹ́wàá lábẹ́ rẹ̀. 16 nínú wọn jẹ́ àgbà, àwọn 54 yòókù sì tẹ̀ lé wọn. A kì í jogún oyè yìí. Ìwà akin ni a ń wò kí a tó fi ènìyàn jẹ ẹ́. Àpá ọfà lẹ́yìn, ẹ̀gàn ni fún Ẹ̀ṣọ́. Iwájú ni kí ọgbẹ́ rẹ̀ wà. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni olórí gbogbo wọn. Bí ó bá lọ sógun, kí ó ṣẹ́gun láàrin oṣù mẹ́ta, tàbí kí a gbé òkú rẹ̀ bọ̀ wálé.

Oríkì ni ọmọ ń jogún, kì í ṣe oyè. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé ará Ìkòyí ń jẹ́ ọmọ Ẹ̀ṣọ́ kò ṣì rárá. Òótọ́ ni pé Tóyèjẹ ará Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ Kakaǹfò, tí Òjó Abúrúmákù ọmọ rẹ̀ náà sì jẹ ẹ́ lẹ́yìn ikú Kúrunmí, ṣùgbọ́n láàrin baba àti ọmọ yìí, oyè náà ti dé ìlú mìíràn.

Ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá ará Ìlọrin ni ó lárinrin jù. Ọmọ ọba ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó béèrè oyè Kakaǹfò lọ́wọ́ Aláàfin Aólẹ̀, kò sí ẹni tí ó sọ pé kò láyà. Wọ́n ní oyè náà kéré sí ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ààfin wá. Ìdílé tí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé òun ni ó ń fúnni ní oyè, òun gan-an ni wọ́n fẹ́ fi dù ú! Wọ́n padà fi í jẹ ẹ́. Nígbà tí Aólẹ̀ wá ń wá ikú rẹ̀, ìlú Ìwéré-Ilé ni wọ́n ní kí ó lọ bá jà. Ìlú ìyá Aláàfin Ajagbó ni, Ajagbó tí ó dá oyè Kakaǹfò sílẹ̀. Ìtàn sọ pé ó ti gégùn-ún pé Kakaǹfò tí ó bá gbógun tì í kò ní í kú ikú ire. Àfọ̀njá kọ̀, àwọn ọmọ ogun yíjú sí Ọ̀yọ́, Aólẹ̀ sì kú ní nǹkan bí 1796.

Ti Kúrunmí, Kakaǹfò tí ó wà ní Ìjàyè, tún yàtọ̀. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859. Àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n Àtìbà ti fẹ́ kí Adélù ọmọ rẹ̀ gorí oyè, Ìbàdàn sì ti gbà. Kúrunmí ní òun kò gbà. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Márùn-ún nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó kú sí ogun náà. Òun fúnra rẹ̀ kú ní 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní 1862.