Àwo Orin Tí Ó Kù Nínú Ilé

Àpótí pákó kan wà lábẹ́ ibùsùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Àjàṣẹ́ tí ọmọdé kì í fọwọ́ kàn láìgbàṣẹ. Àwo orin ló kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni bàbá náà rà ní ìgbà èwe rẹ̀, nígbà tí ó ń ṣòwò aṣọ láàárín Èkó àti Kutọnu. Ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, mo tọrọ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kó wọn lọ sí kíláàsì láti fi kọ́ni ní ìtàn. Àkọ́kọ́ ni Band on the Run ti ẹgbẹ́ Wings. Èkejì jẹ́ ti Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou. Ẹ̀kẹta jẹ́ àwo kékeré kan tí omi ti ba bébà àárín rẹ̀ jẹ́, débi pé a kò lè ka orúkọ ẹni tí ó kọrin mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ sókè, ó ní: «Ẹ jọ̀ọ́, Olùkọ́, kí ni à ń tọ́jú nǹkan wọ̀nyí sí, nígbà tí gbogbo orin ti wà lórí fóònù?»

Ìbéèrè ọmọ náà kì í ṣe ti àfojúdi. Èsì tí mo fún un lọ́jọ́ náà kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn, nítorí náà ni mo ṣe kọ àròkọ yìí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àwo jẹ́. Èyí tí àwọn bàbá bàbá wa ń lò lórí gírámófóònù tí a ń fọwọ́ yí, ṣẹ́láákì ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn oje tí kòkòrò kan máa ń sun sára igi ní Íńdíà. Ó ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ kan kò sì gbà ju orin ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Bí ó bá já bọ́, ó fọ́ bí ìkòkò. Ní oṣù kẹfà ọdún 1948, ilé iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo ńlá jáde, tí a fi ike ṣe, tí ó ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta, tí ojú rẹ̀ kan sì gba orin ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni RCA Victor gbé àwo kékeré tí ń yí ní ìgbà 45 jáde. Kásẹ́ẹ̀tì ti ilé iṣẹ́ Philips dé ní ọdún 1963. Àwo ńlá yìí ló fún àwọn olórin rọ́ọ̀kì láàyè láti to orin pọ̀ bí ẹni ń pìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ Beatles ti ṣe nínú Sgt. Pepper's Lonely Hearts Club Band ní ọdún 1967.

Ṣùgbọ́n àwo ní ìyá. Téèpù ni ìyá rẹ̀: ike tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí a fi ìdípẹtà irin lúbúlúbú kùn, tí ohùn olórin kọ́kọ́ bà lé. Láti orí téèpù yìí ni wọn yóò ti gbẹ́ ohùn sí ojú àwo rírọ̀ kan. Wọn yóò fi irin bo àwo náà kí ó di òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ náà ni wọn yóò wá fi tẹ ike gbígbóná, bí a ti ń fi òǹtẹ̀ tẹ ọṣẹ. Ẹni tí ó ní téèpù ìyá lè bí ọmọ àwo tuntun nígbàkúgbà. Bí téèpù ìyá bá ṣègbé, àwọn ọmọ tí ó ti fọ́n ká sínú ilé àwọn ènìyàn nìkan ló kù.

Band on the Run fi èyí hàn dáadáa, nítorí pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ orin rọ́ọ̀kì àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Èkó ni wọ́n ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1973, Paul McCartney, tí ó ti wà nínú Beatles rí, fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ níbi tí ó jìnnà sí London. EMI ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Èyí tí ó wà ní Àpápá ló yàn. Kí wọ́n tó gbéra, Henry McCullough onígìtá àti Denny Seiwell onílù fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹni mẹ́ta péré ló kù: McCartney, Linda ìyàwó rẹ̀, àti Denny Laine, pẹ̀lú Geoff Emerick tí ń bójú tó ẹ̀rọ. McCartney fúnra rẹ̀ ló wá jókòó sídìí ìlù.

Fela kò fi ojú ire wo ìrìn àjò náà. Ó ní ńṣe ni wọ́n wá jí orin Áfíríkà gbé. McCartney jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, kí ó lè rí i pé kò sí ohun tí a jí níbẹ̀. (Ní tèmi, n kò dá Fela lẹ́bi pé ó bẹ̀rù, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.) Ọ̀dọ̀ Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream tí ó ti kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀ sí Ìkẹjà, ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn orin náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí jù lọ ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. McCartney àti Linda ń fẹsẹ̀ rìn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn. Àwọn ọlọ́ṣà fi ọ̀bẹ dá wọn lọ́nà, wọ́n gba àpò lọ́wọ́ wọn. Inú àpò náà ni ìwé ọ̀rọ̀ orin wà, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì tí McCartney ti kọ àwọn orin tuntun náà sí. Ó di dandan kí ó fi orí rántí wọn. Èyí kò lè ya ará Kétu lẹ́nu, nítorí akọrin ẹ̀fẹ̀ máa ń kọrin láti òru mọ́jú láìwo ìwé. Orin náà padà wá, àwo sì jáde ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Ohun tí kò padà wá ni ohùn tí ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn: bí ó ti kọ ọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́, ibi tí ó ti ṣì í, ibi tí ó ti dákẹ́. Orí lè tọ́jú orin. Kò lè tọ́jú ohùn ọjọ́ kan pàtó.

Èkó náà ni àwọn olórin tiwa ń lọ. Mélomé Clément dá Poly-Rythmo sílẹ̀ ní Kutọnu ní ọdún 1968. Nínú orin wọn, gìtá olóhùn líle bíi ti rọ́ọ̀kì, ìjó James Brown àti ìlù sató ti àwọn onívodun jọ pàdé lójú agbo kan náà. Adissa Seidou, tí ó ni Albarika Store, ló ń gbé púpọ̀ nínú orin wọn jáde, EMI ní Èkó ni wọ́n sì ti ń gbà wọ́n sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò kéékèèké mìíràn kò lágbára owó Èkó. Ẹ̀rọ Nagra, tí ẹnì kan lè gbé kọ́ èjìká, ni wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀ ní Kutọnu, àwo tí wọ́n sì ń tẹ̀ kò pọ̀.

Fún ọdún púpọ̀, ó dà bí ẹni pé a ti gbàgbé wọn. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Samy Ben Redjeb, tí ó dá Analog Africa sílẹ̀ ní Jámánì, ló wá ń wá àwo àti téèpù kiri ní Kutọnu àti ní àwọn ìlú mìíràn. Ní ọdún 2008 ó gbé The Vodoun Effect jáde, ní 2009 Echos Hypnotiques tẹ̀ lé e. Ọdún 2009 yìí náà ni Poly-Rythmo kọ́kọ́ lọ ṣeré ní Yúróòpù, lẹ́yìn ogójì ọdún tí wọ́n ti wà. Nínú àwo wọn Cotonou Club ti ọdún 2011, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Franz Ferdinand láti Scotland bá wọn ṣeré. Mélomé kú ní òpin ọdún 2012, ṣùgbọ́n ó rí i.

Àwọn kan yóò sọ pé àìní wa ló fà á, pé ní ilẹ̀ àwọn olówó, téèpù ìyá kì í sọnù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2008, iná jó ọgbà Universal ní Hollywood, ilé kan tí wọ́n ń kó téèpù ìyá sí sì wà lára ohun tí ó jó. Ọdún 2019 ni ìwé ìròyìn The New York Times tó tú ọ̀rọ̀ náà síta ní kíkún. Ilé iṣẹ́ náà jiyàn lórí iye tí ó ṣòfò. Kò sẹ́ pé téèpù jó. Iná kan ṣoṣo lè pa ìyá. Kò lè dé gbogbo ilé tí àwọn ọmọ wà.

Ìdí nìyí tí n kò fi í dá sí àríyànjiyàn àwọn tí ń sọ pé ohùn àwo dùn ju ti fóònù lọ. Ó lè dùn jù, ó lè má dùn tó. Etí kálukú ni yóò dájọ́. Ohun tí ó ká mi lára ni pé àwo tí ń bẹ lọ́wọ́ wa lè jẹ́ ẹ̀dà tí ó kù.

Ojú ọjọ́ tiwa sì le fún un. Nínú ilé onípáànù, ooru ọ̀sán lè tẹ àwo bí abẹ̀bẹ̀. Ẹ gbé e nàró bí ìwé, ẹ má ṣe tò ó léra. Ọ̀rinrin máa ń mú un bu. Omi mímọ́ pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ tó láti fi nù ún, bébà àárín nìkan ni kí omi má kàn. Bí àwo bá jẹ́ ṣẹ́láákì, ẹ má ṣe fi ọtí líle nù ún láé, nítorí yóò yọ́. Abẹ́rẹ́ tí ó ti gbó ń họ ògiri ọ̀nà tóóró tí ohùn wà, ohun tí ó bá sì họ kò ní padà. Ti téèpù burú jù: ọ̀rinrin ń sọ àtè tí ó mú ìdípẹtà mọ́ ike di lílẹ̀mọ́wọ́, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá yára fi í sínú ẹ̀rọ yóò rí i tí ohùn ń ṣí kúrò bí èépá. Irú téèpù bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ní ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì, ike kéékèèké méjì wà tí a lè ṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà lè kọ nǹkan mìíràn lé e. N kò mọ èyí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo mú kásẹ́ẹ̀tì kan nínú àpótí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo gba ìròyìn bọ́ọ̀lù láti orí rédíò lé orin tí ó ti dà kọ láti ara àwo tí ó yá. Kò nà mí. Ó ní ẹni tí ó ni àwo náà ti kú. Títí di òní, n kò mọ orin tí mo parẹ́.

Mo sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bi mí léèrè pé kí ó fi fóònù rẹ̀ wá àwọn àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó rí ti Wings lójú ẹsẹ̀. Ó rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ti Poly-Rythmo. Nígbà tí ó kan àwo kékeré ẹlẹ́ẹ̀kẹta, a gbé abẹ́rẹ́ lé e, ó sì gbé fóònù sún mọ́ ọn kí fóònù lè dá orin náà mọ̀. Fóònù kò dá a mọ̀. Ọkùnrin kan ló ń kọrin níbẹ̀, ní èdè Yorùbá tí a ń sọ ní Àjàṣẹ́, gìtá rọ́ọ̀kì ń ké lẹ́yìn rẹ̀, orin náà kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rántí pé Kutọnu ni òun ti rà á, kò rántí orúkọ. A ti da orin náà kọ sórí kọ̀ǹpútà, àwo sì ti padà sínú àpótí. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ wa tí ẹ jó ní àkókò náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà wá gbọ́ ọ ní ọjọ́ ìpàdé. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú yín dá ohùn náà mọ̀.