Òpó Lójú, Èèkàn Níṣẹ́: Ìtàn Òpó Tí Ń Fa Aṣọ Ibòòji



Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí ni ó bí àròkọ yìí. Ó rí aṣọ fífẹ̀ onígun mẹ́rin kan tí wọ́n ta sókè ní ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n so igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ irin, tí àwọn ọmọdé sì ń ṣeré ní ibòòji rẹ̀. Ó ní kí ni kí á máa pe aṣọ náà, kí sì ni kí á máa pe irin tí ó dì í mú. Ti aṣọ kò ṣòro. Ìrísí rẹ̀ jọ ti ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi, nítorí náà a lè pè é ní ìgbòkun ibòòji. Ti irin ni ó gbà mí ní àròjinlẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí n dáhùn pé òpó ni, ni mo bá rántí aládùúgbò mi kan.

Oníṣẹ́ tí ó bá aládùúgbò mi yìí ri irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ ṣe é bí ẹni ń ri òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ihò kò jìn, kọnkéré kò pọ̀, irin sì dúró ṣánṣán. Lójú rẹ̀, kò sí ẹrù kankan lórí wọn, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo lè ká aṣọ náà kí ó sì gbé e kọ́ èjìká. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò kan péré ni ó fa méjì tu nínú irin mẹ́rin náà. Afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìyẹ. Ọpẹ́ ni pé kò sí ọmọ kankan lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Èmi kò rò pé ọ̀lẹ ni oníṣẹ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ ni ó ṣì í lọ́nà. Wọ́n ní kí ó ri òpó, ó sì ri òpó. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ kí á tọ ipasẹ̀ irin náà láti ayé àtijọ́ títí dé ẹ̀yìnkùlé òde òní, kí á lè rí i pé ohun tí ó jẹ́ òpó lójú, èèkàn ni níṣẹ́.

Òpó àti èèkàn

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya àwọn ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀. Òpó, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, kì í ṣe opó, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn àárín, èyí tí í ṣe ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú. Òpó ni ohun tí ń ru ẹrù. Òrùlé ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ilẹ̀ ń gbà á láti ìsàlẹ̀, òun náà sì dúró ní àárín méjèèjì. Ìdí nìyí tí ìran kan fi ń jẹ́ Òpómúléró. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí àwọn ọba wa fi ń gbé iṣẹ́ òpó ààfin fún ọ̀jáfáfá agbẹ́gilére. Àwọn òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914 wà lára èyí tí ó lókìkí jù lọ. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Art Institute ti Chicago lónìí.

Èèkàn ní tirẹ̀ kì í ru nǹkan kan. A so ewúrẹ́ mọ́ ọn, ewúrẹ́ ń fà á, kò sì gbọdọ̀ wá. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó di ilẹ̀ mú lọ. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ tu èèkàn kì í di ìdí rẹ̀ mú. Orí rẹ̀ ni yóò gbá mú, tí yóò sì máa mì ín síwá sẹ́yìn. Bí èèkàn bá ṣe yọ sókè tó ni ó ṣe rọrùn láti tu tó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Àgọ́ àwọn darandaran aṣálẹ̀

Àwọn Lárúbáwá darandaran inú aṣálẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Irun ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń hun aṣọ àgọ́ wọn dúdú. Nínú àgọ́ náà, òpó wà ní abẹ́ aṣọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí ó gbé aṣọ sókè. Okùn gígùn wà ní ẹ̀gbẹ́, ó na lọ sí ìta, èèkàn sì wà ní òpin okùn. Òpó ń rù, èèkàn ń fà, okùn ni ó so wọ́n pọ̀. Kò sí èyí tí ó ń ṣe iṣẹ́ èkejì. Kánópì tí a ń háyà fún ìkómọ àti ìgbéyàwó nílé wa náà ń tẹ̀lé òfin yìí. Ẹni tí ó bá gbàgbé láti so ẹsẹ̀ kánópì mọ́ èèkàn tàbí mọ́ òkúta ńlá lè bá a ní orí òrùlé aládùúgbò.

Róòmù

Àwọn ará Róòmù ni wọ́n kọ́kọ́ sọ aṣọ ibòòji di ìran wíwò. Òǹkọ̀wé wọn, Pliny Àgbà, sọ pé Quintus Catulus ni ó kọ́kọ́ fi aṣọ ọ̀gbọ̀ bo gbọ̀ngàn eré, nígbà tí ó ń ya tẹ́ḿpìlì Capitol sí mímọ́. Ọdún 69 ṣáájú ìbí Jésù ni èyí. Julius Caesar tún ta aṣọ bo gbogbo ọjà ńlá Róòmù, àwọn ènìyàn sì ka èyí sí ìyanu ju eré tí wọ́n wá wò lọ. Nígbà tí ó yá, Nero ta aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tí wọ́n ya ìràwọ̀ sí lára.

Èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ wa jù ni Colosseum, tí wọ́n ṣí ní ọdún 80 lẹ́yìn ìbí Jésù. Gíga ògiri rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 48, òpó igi 240 ni ó sì yí i ká lókè fún títa aṣọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe mú òpó wọ̀nyí dúró. Òkúta kan yọ jáde lára ògiri fún ẹsẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan láti dúró lé. Lókè òkúta yìí, wọ́n lu ihò sí etí ògiri, òpó sì gba inú ihò náà kọjá lọ sókè. Ojú méjì ni wọ́n ti di òpó kan mú. Bí aṣọ bá fà á sí inú, ihò yóò dá a dúró. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fẹ́ tàn, òkúta kò ní gbà. Ògiri ni ó ṣe iṣẹ́ èèkàn. Irú àwọn òkúta bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní ìlà méjì lára ògiri gbọ̀ngàn eré àwọn ará Róòmù ní Orange, ní ilẹ̀ Faransé.

Àwọn wo ni ó ń ta aṣọ náà? Àwọn atukọ̀ ogun láti Misenum ni. Àgọ́ ọmọ ogun wọn kò jìnnà sí Colosseum. Èyí bójú mu, nítorí ẹni tí ó ti bá afẹ́fẹ́ jà lórí òkun ni ó mọ̀ pé aṣọ fúyẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò fúyẹ́.

Frei Otto

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni Frei Otto. Wọ́n bí i ní 1925. Ó wa ọkọ̀ òfurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì mú un ní ìgbèkùn. Nítòsí Chartres ní ilẹ̀ Faransé, òun ni ó ń bójú tó ilé kíkọ́ ní àgọ́ ìgbèkùn, níbi tí ohun èlò ti ṣọ̀wọ́n. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń ronú bí ènìyàn ṣe lè fi ohun díẹ̀ bo ibi púpọ̀. Ní 1955, fún àfihàn ọgbà òdòdó ní Kassel, ó ta aṣọ òwú onígun mẹ́rin kan fún àwọn olórin. Igun méjì tí ó dojú kọ ara wọn lọ sókè, igun méjì yòókù sì wálẹ̀. Aṣọ náà lọ́ bí ewé tí oòrùn ká. Ìgbòkun ẹ̀yìnkùlé tí akẹ́kọ̀ọ́ mi rí jọ ọ́ bí ọmọ ṣe ń jọ bàbá.

Kí ni ìdí tí ó fi lọ́ ọ? Ẹ ronú nípa okùn tí a ń sá aṣọ sí. Bí a bá sá agbádá tútù sórí rẹ̀, okùn yóò tẹ̀ ní àárín. Bí a bá fẹ́ kí ó tọ́ gbọnrangandan padà, ipá tí a ó fi fà á yóò pọ̀ débi pé igi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè wó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni aṣọ tí a ta kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ń fa òpó tagbáratagbára, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n, omi òjò sì ń dúró lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí igun kan bá ga tí èkejì sì rẹlẹ̀, òwú tí ó lọ sí ìhà kan yóò kọjú ìjà sí afẹ́fẹ́ tí ń tì láti òkè, èyí tí ó lọ sí ìhà kejì yóò kọjú sí èyí tí ń gbé e láti ìsàlẹ̀. Omi náà yóò sì rí ọ̀nà lọ.

Otto fi ọgbọ́n yìí kọ́ ilé ìpàtẹ Jámánì ní Montreal ní 1967, ó sì bá Günter Behnisch ṣiṣẹ́ lórí òrùlé pápá Òlíńpíìkì Munich ti 1972. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pritzker ní 2015, ọdún kan náà tí ó kú. Nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, òpó kò dá wà. Okùn irin fà á sẹ́yìn, ìpìlẹ̀ kọnkéré sì di okùn náà mú nínú ilẹ̀ bí ìdákọ̀ró ọkọ̀.

Jeddah

Àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa tí wọ́n ti gba pápákọ̀ òfurufú Jeddah lọ sí Mẹ́kà ti jókòó ní abẹ́ ẹ̀kọ́ kẹta. Ní 1981 ni wọ́n parí ibùdókọ̀ àwọn arìnrìn-àjò Hájì níbẹ̀. Àgọ́ funfun 210 ni ó bò ó, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 45, gíga òpó rẹ̀ sì jẹ́ mítà 45. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé òpó àárín dá dúró ní ẹyọ kan, òpó etí jẹ́ méjì pọ̀, ti igun sì jẹ́ mẹ́rin pọ̀. Aṣọ ń fa òpó àárín láti gbogbo ìhà, ìfà kan sì ń pa èkejì. Òpó igun kò ní alájọfà. Ìhà kan ni wọ́n ti ń fà á, òun nìkan ni ó sì ń jẹ gbogbo rẹ̀.

Òpó ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀yin ènìyàn mi, òpó igun ni gbogbo wọn.

Ẹ̀yìnkùlé òde òní

Ọsirélíà ni ìgbòkun ibòòji ti di ohun ojoojúmọ́, ní ilé àti ní ilé ẹ̀kọ́. Oòrùn ibẹ̀ mú gan-an, jẹjẹrẹ awọ ara sì pọ̀ débi pé ní 1981 ni ìpolongo ńlá bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Victoria pé kí àwọn ènìyàn máa bo ara wọn. Aṣọ oníhò wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi òwú ọ̀rá hun, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fi bo irúgbìn, ni wọ́n ń lò jù.

Ibí yìí ni ìtàn ti yí padà. Ẹ̀yìnkùlé kò ní àyè tí okùn yóò na sí, ọmọdé sì lè kọsẹ̀ lára èèkàn. Nítorí náà, wọ́n yọ okùn kúrò, wọ́n yọ èèkàn kúrò, wọ́n kò sì ní ògiri Róòmù. Iṣẹ́ tí nǹkan mẹ́ta ń ṣe wá bọ́ sí ọrùn irin kan ṣoṣo. Ó ní láti gbé aṣọ sókè bí òpó, kí ó sì di ilẹ̀ mú bí èèkàn. Èèkàn tí ó yọ sókè tó mítà mẹ́ta rèé, orí rẹ̀ ni aṣọ sì ti ń fà á!

Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ irin tí yóò rà àti bí yóò ṣe rì í. Yóò yan irin oníhò tí ó nípọn, tí wọ́n fi síńkì bò kí ó má dípẹtà. Bí ó bá jẹ́ igi, yóò jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi oògùn ikán sí. Kò ní wọn ihò pẹ̀lú ìwúwo aṣọ, ipá ìjì ni yóò fi wọ̀n ọ́n. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, ipá rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí èyí ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń gbẹ́ ihò tí ó tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì fẹ̀, pàápàá bí òpó bá ga tàbí bí ilẹ̀ bá jẹ́ yanrìn. Wọn a dà á kún fún kọnkéré, wọn a sì jẹ́ kí orí òpó tẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ aṣọ, bí ẹni ń fa okùn ṣe ń fi ẹ̀yìn tì. Wọn kò jẹ́ fa aṣọ le lọ́jọ́ tí wọ́n da kọnkéré. Ó kéré tán, wọn a fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Wọn a fi ìyàtọ̀ sí gíga àwọn igun, bí ti Kassel. Bí ìjì ńlá bá sì ń bọ̀, wọn a tú aṣọ sílẹ̀.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Aládùúgbò mi ti tún irin rẹ̀ rì. Nígbà tí oníṣẹ́ mìíràn dé, kò sọ fún un mọ́ pé kí ó bá òun ri òpó. Ó ní, 'Ẹ bá mi ri èèkàn gíga mẹ́rin.' Oníṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ihò tí ó gbẹ́ jìn.

Èsì tí mo fún akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí: kí á máa pè é ní òpó-èèkàn. Bí ẹ bá ní orúkọ tí ó dára ju èyí lọ, ẹ mú un wá. Ohun kan ni mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí orúkọ náà má ṣe fi ìfà tí ó wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tí yóò gbẹ́ ihò.