Síǹkì, Àkèré àti Ìka Tí Ó Di DNA Mú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ síǹkì rí. Ohun tí wọ́n fi ń bo irin páànù kí ó má baà dípẹtà náà wà nínú ara wa, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí ó wà lára àgbàlagbà kò ju gíráàmù 2 sí 3 lọ. Síbẹ̀, bí ó bá wọ́n lára ọmọdé, ọmọ náà kò ní dàgbà bí ó ti yẹ. Kí ni ohun tí ó kéré tó báyìí ń ṣe?

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìdáhùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ní 1869, Jules Raulin ní ilẹ̀ Faransé rí i pé olú dúdú kéékèèké tí í hù lára búrẹ́dì tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ kò lè gbèrú láìsí síǹkì. Ní 1961, dókítà Ananda Prasad kọ̀wé nípa àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ìráànì tí wọ́n tó ọmọ ogún ọdún ṣùgbọ́n tí wọ́n dà bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Búrẹ́dì àlìkámà ni oúnjẹ wọn, ẹran kì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní Íjíbítì, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ní síǹkì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga.

Ibi tí síǹkì ti ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ni ó kù. Ẹ jẹ́ kí a fi DNA wé ìwé ńlá tí ìlànà ìgbé-ayé ara wà nínú rẹ̀. Àwọn purotéènì kan ni ó ń wá ojú ìwé tí ó yẹ, tí wọ́n ń dì í mú, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni TFIIIA, èyí tí wọ́n rí nínú ẹyin àkèré eléèékánná ti gúúsù Áfíríkà. Ní 1983, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá yọ síǹkì kúrò lára TFIIIA, kò ní lè di DNA mú mọ́.

Ní Cambridge, Aaron Klug, ọmọ tí ó dàgbà ní Durban tí ó sì ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982, gbé iṣẹ́ lórí purotéènì yìí kan náà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Jonathan Miller. Ìṣòro bá wọn: ohun tí wọ́n ń yọ jáde láti inú ẹyin ń tú ká mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé kẹ́míkà tí àwọn onímọ̀ ń fi sí i kí purotéènì má baà bàjẹ́ gan-an ni ó ń jí síǹkì rẹ̀ kó. Ọdẹ tí a fi ṣọ́lé ni olè! Nígbà tí wọ́n ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, síǹkì tí wọ́n kà lé ní méjì tàbí mẹ́ta tí àwọn ẹlòmíràn ti rí: ó wà láàárín 7 sí 11.

Iye yìí ni kọ́kọ́rọ́ náà. Wọ́n wo ètò purotéènì ọ̀hún, wọ́n sì rí apá 9 tí ó jọra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èròjà bí 30. Nínú apá kọ̀ọ̀kan, èròjà mẹ́rin, cysteine méjì àti histidine méjì, ni ó di síǹkì kan mú. Ní 1985 ni wọ́n tẹ àbá náà jáde. Ìka síǹkì ni a wá ń pe irú apá bẹ́ẹ̀.

Láìsí síǹkì, apá náà á rọ̀ jọwọrọ bí okùn tí a kò ta ní kókó. Bí síǹkì bá dé, á so ó pọ̀, ìka náà á le, á sì lè wọ inú kòtò tí ó yí DNA ká láti mọ lẹ́tà rẹ̀. Síǹkì fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kan DNA. Òun ni ó ń mú kí ìka dúró. Ní 1991, Nikola Pavletich àti Carl Pabo fi àwòrán X-ray fìdí èyí múlẹ̀. Lónìí, a mọ̀ pé nǹkan bí 700 nínú àbùdá ènìyàn ni ó ń ṣe purotéènì oníìka irú èyí.

Iṣẹ́ síǹkì nínú ara kò mọ síbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kọ́ wa pé kí a má fojú kéré oògùn síǹkì tí wọ́n ń fún ọmọ tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Láti 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ti ní kí a máa lò ó pẹ̀lú omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọjọ́ 10 sí 14. Ọ̀pọ̀ òbí a máa dá a dúró ní kété tí ìgbẹ́ bá ti dá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ lò ó tán. Díẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ̀ dànù ní Cambridge ni ó di gbogbo rẹ̀ mú.